Níbo ni obìnrin ti lè máa sáré láàárọ̀ ní agbègbè Yaba?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Akoka ni mò ń gbé. Ìjókòó ti pọ̀ jù fún mi: kíláàsì, láíbìrì, dáńfó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yìn ti ń ro mí, mo sì fẹ́ máa ṣe eré ìdárayá kí kíláàsì aago 8 tó bẹ̀rẹ̀.

Èrò máa ń pọ̀ ní pápá ìṣeré Surulere láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣé etí ọ̀sà inú UNILAG dára fún obìnrin tó dá wà láago 6?

Ọ̀rọ̀ aṣọ ńkọ́? Híjáàbù ni mò ń lò, èyí tí mo ní sì máa ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn tí òógùn bá ti bò mí. Irú aṣọ wo ló fúyẹ́, tó sì tún bojú mu? Mo rí bàtà kan tó rẹwà gan-an ní òkìríkà Yaba, àmọ́ bí mo ṣe tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti là. Ṣé kí n lọ sí ọjà òkìríkà Katangúà ni? 15,000 náírà ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.