Ṣé “where” náà kọ́ ni “whence” àti “whither”?

ỌmọBàbá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú bàbá mi ò ríwèé mọ́, èmi ni mo ń ka Bíbélì òyìnbó fún wọn lálaalẹ́. Ti Ọba James ọdún 1611 ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò gba òmíràn. Lánàá mo ka Sáàmù 121 dé “from whence cometh my help”. Wọ́n ní kí ni “whence”? Mo ní “where” ni. A ṣí Rúùtù 1:16, “whither thou goest, I will go”. Wọ́n ní èyí ńkọ́? Mo tún ní “where” ni. Bàbá bú sẹ́rìn-ín: “Ṣé ibo ni gbogbo ẹ̀ ni?” Ẹnu mi wọhò. Ẹ gbà mí, ilẹ̀ ń ṣú lọ.

TísàÀtijọ́: Bàbá jàre, àbúrò. Fi Yorùbá wò ó. Àwa ní ibí, ibẹ̀ àti ibo, a wá ń fi “ní”, “sí” tàbí “láti” ṣáájú wọn. Ní ti òyìnbó ayé ìgbà yẹn, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń yí padà. Tó o bá wà níbí, “here” ni. Tó o bá ń bọ̀ síbí, “hither”. Tó o bá kúrò níbí, “hence”. Fún ibẹ̀, “there, thither, thence”. Fún ibo, “where, whither, whence”. Ibi tí Rúùtù ń lọ ló ń sọ. Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti ń bọ̀ ni ti Sáàmù. Àwọn tó ń ṣọ́ èdè lẹ́nu máa ń bínú sí “from whence”, wọ́n ní “láti láti ibo” nìyẹn. Wọ́n ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1611.

Má jẹ́ kí “wherefore” tàn ọ́ o, “kí ló dé” ni. Nínú eré Shakespeare, Juliet ò wá Romeo kiri nígbà tó ní “wherefore art thou Romeo”. Ohun tó ń dùn ún ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ Romeo, ọmọ ìdílé tó ń bá tiwọn jà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ sí “níbo” á máa gbé ọwọ́ lé iwájú orí, á máa wo ọ̀ọ́kán!

AdùnÈdè: Ẹ ṣé sà. Èmi rò pé “thou” ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣebí òun ni wọ́n ń pe Ọlọ́run? Mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá mi rí.

TísàÀtijọ́: Yéè! O ti pe ọ̀gá ní ìwọ. “Thou” ni ìwọ, “ye” ni ẹ̀yin. Nígbà tó yá ni wọ́n ń fi ti ọ̀pọ̀ èèyàn bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, gẹ́lẹ́ bíi tiwa. Àwọn Quaker, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ń pe adájọ́ pàápàá ní “thou”, inú sì bí àwọn èèyàn ńlá gan-an. Ní ti Ọlọ́run, àwa náà ò ha ń pè é ní Ìwọ nínú àdúrà?

ỌmọBàbá: Bàbá gbà fún yín. Àmọ́ wọ́n ti gbé òmíràn dé: Tẹsalóníkà Kìn-ín-ní 4:15, àwọn alààyè ò ní “prevent” àwọn tó ti sùn. Ṣé wọ́n fẹ́ dí wọn lọ́nà ni?

TísàÀtijọ́: Rárá o. Látìn ló ti wá, “wá ṣáájú” ni. Wọn ò ní ṣáájú wọn ni. Ẹni tó bá sì ṣáájú rẹ dé ẹnu ọ̀nà lè dí i mọ́ ọ, bí ìtumọ̀ tòní ṣe yọjú nìyẹn.

ỌmọBàbá: Ẹ ṣé, sà. Láti àárọ̀, “wá síbí” ti tán lẹ́nu Bàbá. “Hither!” ni wọ́n fi ń pè mí báyìí. Mò ń lọ.