Ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìrọbí

Bàbá Àyìnkẹ́, Òkè-Baálẹ̀: Ẹ̀yin àgbà, inú ń bí mi o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìyàwó mi máa bímọ. Gbogbo ohun tí ọsibítù kọ fún wa ni mo ti rà: òwú, páàdì, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, Dettol méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èmi ni mo ń fi òróró pa á lálaalẹ́. Ó wá ní ìyá òun ni yóò wọlé ti òun, kí èmi dúró síta. Ìyá yìí ti dé láti Ìkìrun láti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gba bẹ́ẹ̀dì mi, orí àga ni mò ń sùn, ẹ̀fọn ò jẹ́ n gbádùn. Àbí ọmọ mi kọ́ ni?

Ìyá Ìbejì: A óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ. Nígbà tí mo ń rọbí àwọn ìbejì mi, àmàlà ni bàbá wọn ń jẹ l'Ókè-Fìà. Wọ́n pè é pé ọ̀kan ti dé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun parí òkèlè. Ẹ̀yin tiẹ̀ fẹ́ wọlé.

Alájọ: Ohun obìnrin ni. Bàbá mi bí mẹ́jọ, ìta ni wọ́n dúró sí ní gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò: Ṣé ti ìjọba ni àbí aládàáni? Ẹ kò sọ. Níbi tí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin bá wà nínú yàrá kan, ìhòòhò ìyàwó ẹlòmíì lẹ máa bá níbẹ̀. Ìdí tí a fi ń lé ọkùnrin nìyẹn, kì í ṣe ìkà.

Bàbá Àyìnkẹ́: Aládàáni ni. Yàrá tirẹ̀ dá wà, wọ́n sì ní ẹnì kan lè wọlé.

Ọmọ Òṣogbo ní Lọ́ńdọ̀n: Àwọn bàbá ń wọlé níbí, ṣùgbọ́n láyé àwọn bàbá wọn, ìta làwọn náà ń dúró. Lọ́dún 2018, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí aboyún tó ń rọbí ní ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Ẹ tún ibi "yàn" yẹn kà. Dókítà Faransé kan, Michel Odent, tiẹ̀ ní kí bàbá má wọlé rárá, pé ẹ̀rù ọkọ lè ran ìyàwó, kí ìrọbí sì falẹ̀. Èmi wọlé o. Mo dákú. Nọ́ọ̀sì méjì fi ìyàwó mi sílẹ̀ wá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi.

Alájọ: Mo sọ bí?

Ìyá Ìbejì: Alájọ, ẹ gbé ìyàwó ná.

Alájọ: Ta ló bi yín?

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò: Bàbá Àyìnkẹ́, ìgbà tí wọ́n bí Àyìnkẹ́ ńkọ́?

Bàbá Àyìnkẹ́: Mo wà níbẹ̀ títí tó fi bí i! Mo tiẹ̀ fi fóònù ká a, mo fi sórí WhatsApp ẹbí wa. Ayọ̀ ni. Àwọn àǹtí mi ló wá ń fi ránṣẹ́ káàkiri, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò: Háà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé ìkúnlẹ̀ ìyàwó yín fún ẹbí ọkọ wò bíi sinimá, ẹ wá ń ka Dettol fún wa?

Bàbá Àyìnkẹ́: Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò: Fídíò yẹn dà?

Bàbá Àyìnkẹ́: Ó ṣì wà nínú fóònù mi. Àkọ́bí mi ni, n kò lè pa á rẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wá ìrọ̀rí sórí àga yẹn.