Àbọ̀ lórí fídíò Ọdún Lísàbí tí wọ́n yọ

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Fídíò ìròyìn tẹlifíṣọ̀n nípa Ọdún Lísàbí, tí wọ́n yọ nítorí ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright), ti padà sórí YouTube, strike (àmì ìkìlọ̀ tí YouTube fún ìkànnì wa nítorí ẹ̀sùn náà) sì ti kúrò. Ilé iṣẹ́ tó fẹ̀sùn kàn wá ló fagi lé e, lẹ́yìn tí a kọ̀wé sí ímeèlì tó wà nínú ẹ̀sùn náà. Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí kí ẹ tó kọ counter notification (ìwé tí ẹ fi ń ta ko ẹ̀sùn náà): ìyẹn á gbé orúkọ àti àdírẹ́sì yín dé ọ̀dọ̀ olùfisùn, ó sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti fi hàn pé òun ti gba kóòtù lọ. Ẹ má kàn pa fídíò rẹ́ o. Strike kò ní bá a lọ. Kíkọ “èmi kọ́ ni mo ni ín” sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Asán ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn Content ID lásán (ètò YouTube tó ń dá ohùn tàbí àwòrán oníǹkan mọ̀ fúnra rẹ̀), ẹ wọ YouTube Studio, kí ẹ gé ibi tí wọ́n tọ́ka sí kúrò.