"Ta ni bàbá ẹ?": Àwọn alẹ́ tí ẹgbẹ́ ọ̀tá já nínú playoff béésìbọ́ọ̀lù

Ọmọ Fenway:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù kẹwàá ti wọlé, àsìkò playoff, ìdíje ìkẹyìn béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí ẹni tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ti já máa ń jókòó de ìgbà tí ẹgbẹ́ ọ̀tá náà á já. Ẹ mú alẹ́ kan wá tí ẹgbẹ́ tí ẹ ò lè rí sójú bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi "inú mi dùn dọ́ba" kún ibí. Ẹ má sọ ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ má sọ ọtí tẹ́ ẹ mu. Ẹ sọ inning (ọ̀kan nínú ìpín mẹ́sàn-án eré; bó bá dọ́gba, wọ́n ń fi kún un) tó dàrú, ẹni tó ṣì í, àti ohun tó fà á. Ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀tá ti kọsẹ̀ gan-an, ariwo lásán ló ń pa.

2004 ni tèmi. Yankees ti New York ti na Red Sox ti Boston lẹ́ẹ̀mẹta léraléra nínú ALCS, ìparí líìgì American League, níbi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ti ń lọ sí World Series, àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, 19 sí 8 ni, nínú ilé Red Sox fúnra wọn. Kò sí ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù tó tíì jáde nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, inning kẹsàn-án, Yankees ń borí 4 sí 3, Mariano Rivera ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá mọ Rivera, á ti máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Rivera fún Kevin Millar ti Red Sox ní walk (bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò dára, ó lọ sí béésì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́). Red Sox yọ Millar, wọ́n fi Dave Roberts sí béésì kìíní dípò rẹ̀, nítorí eré sísá nìkan. Àtọmọdé àtàgbà ló mọ̀ pé béésì kejì ló fẹ́ jí, kó sáré débẹ̀ láìdúró de ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Rivera ju bọ́ọ̀lù sí béésì kìíní lẹ́ẹ̀mẹta kó má bàa rìn jìnnà. Bó ṣe wá ju ẹyọ kan sí Bill Mueller báyìí, Roberts ti gbéra. Ẹsẹ̀ bàtà 90 ló wà láàárín béésì kan sí èkejì. Jorge Posada sọ ọ́ dáadáa, Derek Jeter mú un, ó sì fi kàn án, ṣùgbọ́n ọwọ́ Roberts ti dé orí béésì ṣíún báyìí ṣáájú. Mueller gbá tirẹ̀ gba àárín, Roberts wọlé, ó di ọ̀mì. Ní inning kejìlá David Ortiz ti Red Sox gbá home run (ó gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri), 6 sí 4.

Lójú tèmi, ìjù mẹ́ta yẹn ni Rivera fi ran Roberts lọ́wọ́. Ẹni tó ti jókòó sínú òtútù láti ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan. Ìjù mẹ́ta sọ́dọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ti yá, ó sì ti ka ìṣíwọ́ Rivera tán.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni ti Pedro Martinez, ajubọ́ọ̀lù Red Sox. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fáwọn oníròyìn pé kí òun kúkú gbà pé Yankees ni bàbá òun. Ẹ mọ bí Bronx, ilé Yankees, ṣe rí. Gbogbo pápá sọ ọ́ dorin: "Ta ni bàbá ẹ?" Red Sox borí mẹ́ta léraléra, ó di Game 7, eré ìparí. Ní New York, Red Sox ti ń borí 8 sí 1 kí Pedro tó wọlé ní inning keje. Orin yẹn tún bẹ̀rẹ̀, Yankees gba ayò méjì lọ́wọ́ rẹ̀, pápá ń mì tìtì. Mark Bellhorn ti Red Sox wá gbá home run ní inning tó tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. 10 sí 3 ló parí sí.

Bọ̀dá Bronx:
Ẹ̀gbọ́n Fenway, ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n mo gbà fún yín, òdù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá dé 2011.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, Red Sox fi eré 9 ṣíwájú Tampa Bay nínú ìdíje wild card, ipò playoff fún ẹgbẹ́ tí kò gba ẹ̀ka rẹ̀. Nígbà yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni líìgì kọ̀ọ̀kan ní. Nínú eré 27 tí Red Sox gbá lóṣù yẹn, 7 péré ni wọ́n borí. Ó wá ku alẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, àwọn àti Tampa dọ́gba. Ní Baltimore, Red Sox ń borí 3 sí 2 ní inning kẹsàn-án, ó ti ku out kan (lílé agbábọ́ọ̀lù kan kúrò; mẹ́ta ló ń parí àyè ẹgbẹ́ kan), Jonathan Papelbon ló ń jù. Orioles, ẹgbẹ́ Baltimore, sọ ọ́ di ọ̀mì, Robert Andino sì gbá ọ̀kan sí apá òsì pápá. Carl Crawford ti Red Sox yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lọ bá a, bọ́ọ̀lù kan ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ́. Ó parí.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, Evan Longoria gbá home run ní Tampa ní inning kejìlá, 8 sí 7, ni Tampa bá gba ipò náà, Red Sox já. Ta ni wọ́n nà? Yankees ni, tó ti ń fi 7 sí òdo borí tẹ́lẹ̀! Yankees ti gba ẹ̀ka wọn ní tiwọn, kò sí ohun tí wọ́n pàdánù. Ẹ wo ibi tí bọ́ọ̀lù Longoria gbà jáde o: igun apá òsì, níbi tí ògiri ti kúrú. Tampa ló gé ògiri igun yẹn wálẹ̀ nígbà tí agbábọ́ọ̀lù apá òsì tiwọn ṣì lè máa fò mú bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà ni Carl Crawford.

Ìyá Ìbejì Philly:
Ẹ̀yin ń sọ ti alẹ́ kan. Èyí tó ń dùn dénú egungun ni èyí tẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ kà lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ni ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ẹ mú 163. Ẹ yọ iye ìgbà tí ẹgbẹ́ tó wà lókè ti borí. Ẹ yọ iye ìgbà tí ẹgbẹ́ tó ń lé e ti pàdánù. Iye tó kù ni ohun tí ẹni òkè ń wá: bó bá borí lẹ́ẹ̀kan, ó dín ọ̀kan, bí ẹni ìsàlẹ̀ bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó dín ọ̀kan. Bó bá di òdo, ẹni ìsàlẹ̀ ti já. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún, ọ̀kan tó lé yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n dọ́gba. Àṣìṣe táwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń yọ iye ìgbà tí ẹni ìsàlẹ̀ borí, tí ìṣirò á wá dàrú pátápátá. Láti 2022, wọ́n ti fagi lé eré àṣekún tí wọ́n fi ń ya àwọn tó bá dọ́gba. Ẹni tó borí jù nínú eré àwọn méjèèjì ló ń lọ, nítorí náà, bó bá jẹ́ ẹni òkè ni, 162 lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ọdún 2007. Eré 17 ló kù. Mets ti New York, tó wà lókè ẹ̀ka, ti borí 83, wọ́n pàdánù 62. Phillies ti Philadelphia, tó ń lé wọn, borí 76, wọ́n pàdánù 69. Ẹ yọ 83 àti 69 kúrò nínú 163, ó ku 11. Nǹkan 11 péré ni Mets ń wá nínú eré 34 tó kù fún ẹgbẹ́ méjèèjì! Mets borí 5, Phillies pàdánù 4. Mẹ́sàn-án. Ó ku méjì, ọdún sì tán: Phillies 89, Mets 88.

Ọjọ́ tó parí, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án, Tom Glavine ló jù fún Mets ní Shea Stadium. Out kan ṣoṣo ló rí mú kí wọ́n tó yọ ọ́, ayò 7 ló sì jẹ́ tirẹ̀. Èyí tó burú jù: àwọn Marlins wà lórí béésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ju bọ́ọ̀lù lu Dontrelle Willis lára, ayò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ajubọ́ọ̀lù ni Willis fúnra rẹ̀ o! 8 sí 1.

Adé San Diego:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, mo ti kọ ìṣirò yẹn pa mọ́.

Tiwa kò gba ìṣirò. Ní 2022 Dodgers borí eré 111, Padres borí 89. Nínú eré 19 táwọn méjèèjì gbá pọ̀ lọ́dún yẹn, Dodgers gba 14. Ṣùgbọ́n Division Series, ìpele playoff tí wọ́n ti pàdé, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta ni. Ẹgbẹ́ ńlá lè gbé ọjọ́ burúkú mẹ́ta pàdé, kí oṣù mẹ́fà ìṣẹ́gun sì wọlẹ̀ lọ. Láti ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ méjì tó ga jù nínú líìgì kọ̀ọ̀kan ti ń fo ìpele àkọ́kọ́. Àwọn kan ní ìsinmi yẹn ló ń mú ọwọ́ wọn rọ. Mi ò gbà. Ìsinmi kan náà ni Houston ní lọ́dún náà tó fi gba ife.

Ní Game 2, ní Los Angeles, ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tó sì tóbi jù ú lọ, balẹ̀ sórí pápá ní inning kẹjọ. Wọ́n lé e, ó jókòó pa, àfi ìgbà tí wọ́n wá fi nǹkan bò ó. Padres borí 5 sí 3, ni San Diego bá sọ ẹyẹ náà di tiwọn. Tí ẹ bá rí i lára ẹ̀wù, ẹ má bi ẹni tó wọ̀ ọ́ bóyá ó ń sin adìyẹ.

Game 4, ilé wa. Dodgers 3, àwa òdo, títí di inning keje. Austin Nola gbá ọ̀kan tó kan ìbọ̀wọ́ Freddie Freeman ti Dodgers tó sì já, ayò kan. Ha-Seong Kim gbá tirẹ̀ gba ìlà apá òsì, ayò kejì. Juan Soto, ọ̀mì. Out méjì ti wà kí Jake Cronenworth tó gbá tirẹ̀ gba àárín, méjì wọlé pọ̀. 5 sí 3. Ìkan tí Freeman ìbá mú yẹn, tó bá mú un, mi ò rò pé inning yẹn á gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́ja Arizona:
Adé, ọdún tó tẹ̀ lé e àwa náà bá yín tẹ̀ wọ́n. Dodgers borí 100, àwa 84. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà la nà wọ́n. Tí ẹgbẹ́ kan bá nà yín láìku ọ̀kan, wọ́n ti gbá yín nìyẹn, ìdí nìyẹn táwọn òǹwòran fi ń gbé ìgbálẹ̀ wá sí pápá (ẹ má fi òṣèlú bọ̀ ọ́ o). Game 1, out kan ni Clayton Kershaw, ajubọ́ọ̀lù wọn, rí mú, ayò mẹ́fà la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Game 3, home run mẹ́rin ní inning kẹta nìkan, ọwọ́ Lance Lynn, ajubọ́ọ̀lù wọn, ni gbogbo rẹ̀ ti wá: Perdomo, Marte, Walker, Moreno.

Pápá wa ní adágún omi ìwẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ní 2013 Dodgers gba ẹ̀ka níbẹ̀, wọ́n bẹ́ sínú omi wa. Ọdún mẹ́wàá la fi di èyí sínú. Ní 2023, lẹ́yìn Game 3, àwọn ọmọ wa ló bẹ́ sínú rẹ̀.

Alàgbà St. Louis:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má yọ̀ ṣáájú ọjọ́. Ní 2003, out márùn-ún ló ku Cubs ti Chicago kí wọ́n dé World Series, 3 sí òdo ni wọ́n ń fi borí Marlins. Òǹwòran kan na ọwọ́ sí bọ́ọ̀lù tí Moises Alou ti Cubs fẹ́ mú, gbogbo ayé sì bú ọkùnrin yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwà burúkú nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wọ́ lọ sọ́dọ̀ Alex Gonzalez, shortstop Cubs (ẹni tó ń ṣọ́ àárín béésì kejì sí ìkẹta), èyí tó lè mú out méjì wá, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ayò 8 ló wọlé fún Marlins ní inning yẹn. Gonzalez ni kẹ́ ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣeyí Queens:
Ẹ kú àgbà o, bàbá. Ìyá Ìbejì, orúkọ Glavine yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún pè é níbí.

World Series 2024, Game 5, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹwàá, Bronx. Yankees 5, Dodgers òdo. Gerrit Cole, ajubọ́ọ̀lù Yankees, kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a títí inning karùn-ún fi bẹ̀rẹ̀. Kiké Hernández ló kọ́kọ́ gbá a. Tommy Edman gbé ọ̀kan lọ bá Aaron Judge ní àárín pápá, èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń mú. Ó kàn án lọ́wọ́, ó jábọ́. Will Smith gbá ọ̀kan nílẹ̀ sọ́dọ̀ Anthony Volpe, Volpe sọ ọ́ sí béésì kẹta, ó balẹ̀ kó tó débẹ̀. Béésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún, kò sí out. Cole wá fi strikeout (ìjù mẹ́ta tí wọn ò rí gbá) lé Gavin Lux àti Shohei Ohtani. Ó ku ọ̀kan.

Mookie Betts gbá ọ̀kan jẹ́jẹ́ sí apá béésì kìíní. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti lọ sápá òsì ajubọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra kó tó mọ ẹni tó máa mú un. Á sáré lọ sí ibi tó fi bíi ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15 dín sí béésì, á wá yí, á máa bá ìlà lọ nínú pápá, á gba bọ́ọ̀lù kó tó dé béésì, á sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ etí rẹ̀. Láti oṣù kejì, ní ibùdó ìgbaradì, ni wọ́n ti ń kọ́ èyí lójoojúmọ́. Cole gbéra díẹ̀, ó dúró, ó nawọ́ sí Anthony Rizzo, tó ń ṣọ́ béésì kìíní, pé kó lọ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà sì ń yí, Rizzo ní láti dúró dè é kó má bàa fò kọjá rẹ̀. Betts ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Kò sẹ́ni lórí béésì kìíní, ayò kan wọlé. Cole sọ lẹ́yìn eré pé igun tí òun fi lọ bá bọ́ọ̀lù náà kò dára.

Freeman gbá méjì wọlé, Teoscar Hernández gbá méjì wọlé, 5 sí 5. Nínú ìwé, kò sí ayò kan nínú márààrún tí wọ́n kọ sí Cole lọ́rùn, torí àṣìṣe Judge àti ti Volpe. Ti béésì kìíní yẹn, wọn ò kọ ọ́ ní àṣìṣe rárá. Betts ni wọ́n kọ ọ́ fún, pé ó gbá a dáadáa. Bí ènìyàn bá gbàgbé láti sáré, ìwé béésìbọ́ọ̀lù ò ní àyè tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. 7 sí 6 ni Dodgers fi gba ife.

Bọ̀dá Bronx:
Ó tó, ó tó. Ẹ pa iná.

Ọmọ Fenway:
Bọ̀dá, ẹ má tíì sùn. Ẹ wo ẹni tó jẹ́ mánẹ́jà Dodgers lálẹ́ yẹn: Dave Roberts. Ẹni tó jí béésì kejì mọ́ yín lọ́wọ́ ní 2004. Òun náà ló jókòó síbẹ̀ nígbà tí Adé lé wọn ní 2022, àti nígbà tí Arizona gbá wọn.

Adé San Diego:
Ẹ̀gbọ́n, 2005 àti 2006, Padres ló gbá bọ́ọ̀lù fún.