Ìkúnjú kọ́, iná kọ́: lórí filler fún awọ tó ti gba ìtànṣán

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ fún àwọn aláìsàn ló bi wá ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan ní jẹjẹrẹ ẹnu, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, ó sàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti jìn wọlé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè gba abẹ́rẹ́ filler, ìyẹn oje tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fi sábẹ́ awọ kí ibi tó jìn lè kún, láti fi gbé e sókè láìsí pé ó pa òun lára. Báwo la ó ṣe kọ èyí ní Yorùbá? Èsì tó pọ̀ jù láàárín wa ni pé kí filler jẹ́ "ìkúnjú", kí ìtọ́jú jẹjẹrẹ náà jẹ́ "ìtọ́jú oníná", kí ìdáhùn sì jẹ́ "kò léwu". Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé "èèwọ̀ ni". Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ìkúnjú". Ohùn òkè ló wà lórí kún rẹ̀, bí omi ṣe ń kún ìkòkò. Ohùn àárín ló wà lórí kun tí a fi ń kun àtíkè. Bí a bá yọ àmì kúrò, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe lórí fóònù, ikunju ni méjèèjì. Obìnrin yìí á kà á, á rò pé ohun tí wọ́n ń fi pa ojú ni, tí ọṣẹ àti omi lè ṣí kúrò. Abẹ́ awọ ni filler ń gbé, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ẹ tún wò ó: ojú wa nínú Yorùbá jẹ́ gbogbo iwájú orí, ó sì tún jẹ́ èyí tí a fi ń ríran. Ẹni tó bá gbọ́ "abẹ́rẹ́ ojú" lè rò pé ẹyinjú ni wọ́n fẹ́ tọ́jú.

"Adíhò" tí ẹlòmíràn mú wá fún filler dùn létí, mo gbà, àmọ́ òun ló bà mí lẹ́rù jù. Ohun tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù jù nínú abẹ́rẹ́ yìí ni pé kó ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, kó sì dí i. Awọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan náà á kọ́kọ́ funfun, á wá dúdú, ó sì lè kú. Bí oje náà bá bá iṣan lọ dé ẹyinjú, ẹni náà lè fọ́jú. Tí a bá fi "dí" sọ oògùn lórúkọ, kí la ó máa pe jàǹbá? Ẹ jẹ́ ká fi dí sílẹ̀ fún iṣan tó dí. Àwọn tó sì ní ká kàn kọ ọ́ ní "fílà" kò rántí pé bí àmì bá ṣubú, fìlà tí à ń dé sórí ló kù.

"Àfisábẹ́-awọ" ni èmi mú wá. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí wọ́n ṣe àti ibi tí wọ́n ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má gé e kúrú o, torí gbogbo wa la mọ ohun tí "abẹ́" nìkan máa ń túmọ̀ sí lẹ́nu àgbà.

Àfisábẹ́-awọ kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni hyaluronic acid, tí ara wa náà ń ṣe. Karl Meyer àti John Palmer ló rí i lọ́dún 1934 nínú ẹyinjú màlúù, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ń jẹ́ dígí ṣe apá kan orúkọ rẹ̀. Dókítà lè fi èròjà hyaluronidase yọ́ irú èyí bí wàhálà bá dé. Àwọn mìíràn, bíi calcium hydroxylapatite àti poly-L-lactic acid, kò ní èròjà tó ń yọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kí aláìsàn mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo, ibẹ̀ gan-an ni àmì ohùn sì ti lè dà á rú: "a lè yọ́ ọ" kì í ṣe "a lè yọ ọ́". Àkọ́kọ́ ní í ṣe pẹ̀lú yíyọ́ bí òrí ṣe ń yọ́, èkejì ní í ṣe pẹ̀lú abẹ oníṣẹ́ abẹ. Nínú ìwé ìléwọ́, mo rò pé kí a kọ ọ́ báyìí: "a lè mú kó yọ́ dànù". Kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà.

Ó kan "ìtọ́jú oníná". Wilhelm Röntgen, ọmọ Jámánì tó ṣàwárí ìtànṣán X lọ́dún 1895, ló fún un ní X yẹn torí pé kò tíì mọ ohun tó jẹ́. Ó ṣọ́ra fún orúkọ tó máa sọ ju ohun tó mọ̀ lọ, ó sì yẹ kí àwa náà ṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Iná ń gbóná, ó ń fi àpá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ kì í gbóná lára ẹni tó ń gbà á. Fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, ohun tó wọ́pọ̀ ni Gray 2 (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7, tí àpapọ̀ rẹ̀ á tó 60 sí 70. Awọ òkè lè pupa, kó bó, kó sì jinná. Tí a bá ti sọ pé iná ni, aláìsàn á wo dígí, kò ní rí àpá, á ní ó ti tán.

Kò tíì tán. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ń fún, ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ ń dín kù, ẹran-ara sì ń yi díẹ̀díẹ̀ fún oṣù, fún ọdún pàápàá. Yi ni mo kọ, bí a ṣe ń sọ pé ẹran kan yi lẹ́nu. Mi ò rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù ú lọ: gbogbo ẹni tó ti jẹ ẹran rí ló mọ̀ ọ́n. Egungun àgbọ̀n pàápàá ń jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà eyín kì í fi í kánjú yọ eyín lẹ́nu tó ti gba ìtànṣán, nítorí ojú ibẹ̀ lè kọ̀ láti jinná.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀ láti lo "kò léwu". Lẹ́nu wa, gbólóhùn yẹn ń ti ilẹ̀kùn pa: o lè sùn, ọkàn rẹ balẹ̀. Dókítà kankan kò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ fún obìnrin yìí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dé dáadáa, kòkòrò àrùn tó bá bá abẹ́rẹ́ wọlé lè ṣòro láti lé lọ. Ibi tí ẹran ti yi, oje náà lè má tàn ká, kó ṣù bíi kókó. Kókó yẹn lè da àwọn tó ń wá jẹjẹrẹ láàmú bí wọ́n bá ń yàwòrán inú ara rẹ̀, torí ó lè jọ èyí tó ń padà bọ̀.

Síbẹ̀, "èèwọ̀" burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ ti ṣẹ̀, ó sì ní ètùtù tó máa ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni obìnrin yìí dá? Ẹnì kan nínú wa tún kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ oge ni. Ó dùn mí. Ojú tí àìsàn mú lọ ló ń wá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àtúnṣe ojú. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan tiẹ̀ ń mú ọ̀rá láti ibòmíràn lára aláìsàn fún irú àtúnṣe yìí, torí wọ́n ti rí i pé ó lè mú kí ẹran tó yi rọ̀.

"Ewu rẹ̀ mọ níwọ̀n" ì bá tẹ́ mi lọ́rùn fún awọ tí ìtànṣán kò kàn. Fún tirẹ̀, bí èmi yóò ṣe kọ ìdáhùn náà nìyí, kí ẹ bá mi tún un ṣe:

"Ìtànṣán ti mú kí ẹran abẹ́ awọ rẹ yi, ẹ̀jẹ̀ kò sì débẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ewu àfisábẹ́-awọ pọ̀ fún ọ ju fún ẹlòmíràn lọ, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé o kò lè gbà á láéláé. Kọ́kọ́ bi dókítà tó tọ́jú jẹjẹrẹ rẹ. Bí ó bá fọwọ́ sí i, bèèrè èyí tí wọ́n lè mú kó yọ́ dànù, kí wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ẹni tó mọ awọ tó ti gba ìtànṣán ni yóò fún ọ. Sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń yàwòrán inú ara rẹ pé o ti gbà á."