Rírán aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà nílé: kí ni kò ní jẹ́ kí igun rẹ̀ máa bọ́?

Abẹ́rẹ́ Tuntun béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ. Mo fẹ́ rán aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà fúnra mi, nítorí èyí tí mo rà ní rírán kì í pẹ́ lórí fóòmù kí igun kan tó fò sókè, bí ilẹ̀ bá sì fi máa mọ́, ìdajì rẹ̀ ti ká jọ sábẹ́ ẹ̀yìn mi. Fóòmù náà gùn ní íǹṣì 75, ó fẹ̀ ní íǹṣì 54, ó sì ga ní íǹṣì 10. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ní jẹ́ ti àtijọ́, ìlà gbọọrọ nìkan ló ń rán. Kò lè rán kọ́lọkọ̀lọ, n kò sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń dí etí aṣọ kí ó má baà tú. Mo ti rán àpò ìrọ̀rí àti aṣọ fèrèsé rí, nítorí náà ọwọ́ mi mọ abẹ́rẹ́ díẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. N kò mọ bí a ṣe ń ṣírò iye aṣọ tí a ó gé. N kò mọ̀ bóyá kí n fi rọ́bà yí gbogbo etí aṣọ náà ká, tàbí kí n fi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan. Aṣọ òwú tó wù mí kò sì fẹ̀ ju íǹṣì 45 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé mo ní láti so aṣọ pọ̀. Ibo ni kí n gbé ojú ìrán náà sí tí kò fi ní máa há mi lára bí mo bá sùn? Lọ́kàn tèmi, bí mo bá ti rí rọ́bà tó le dáadáa, igun kò ní bọ́ mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Àgbà Aránṣọ dáhùn pé:

Bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ gan-an ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí èrò yẹn ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Rọ́bà kọ́ ló ń mú aṣọ dúró lórí fóòmù. Apá aṣọ tó wọ abẹ́ ni ìwúwo fóòmù àti ti ẹni tó sùn lé e ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ rọ́bà kò ju pé kí ó kó etí aṣọ náà jọ síbẹ̀ kí ó má ṣe tú jáde. Bí aṣọ bá kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ kàn kan ìsàlẹ̀ fóòmù lásán, rọ́bà tó le yóò tún bà á jẹ́ sí i ni, nítorí òkè ni yóò máa fa aṣọ náà sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó rán èyí tí ẹ rà ti gé e fún fóòmù tí kò ga tó tiyín.

Ìwọ̀n, nígbà náà, ni olórí iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára fóòmù. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra yín, kí ẹ sì wọn gíga rẹ̀ ní ibi mélòó kan, nítorí fóòmù tó ti pẹ́ lè rì ní ibi kan kí ó sì ga ní ibòmíràn. Èyí tó ga jù lọ ni kí ẹ mú. Ẹ wá fi íǹṣì 5 tí yóò wọ abẹ́ kún un, àti íǹṣì 1 tí ẹ óò ṣẹ́ láti fi ṣe ihò tí rọ́bà yóò gbà. Ní tiyín, 10 pẹ̀lú 5 pẹ̀lú 1 jẹ́ 16. Íǹṣì 16 yìí ni aṣọ yóò fi yọ kọjá etí òkè fóòmù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 32 ní gígùn àti 32 ní fífẹ̀. 75 pẹ̀lú 32 jẹ́ 107. 54 pẹ̀lú 32 jẹ́ 86. Aṣọ yín yóò wá jẹ́ íǹṣì 107 ní gígùn àti 86 ní fífẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́.

Ní ti igun, ẹ̀yà onígun mẹ́rin kan ni a ń gé kúrò ní igun kọ̀ọ̀kan, gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí etí méjèèjì tí gígé yẹn fi sílẹ̀ ni a óò rán pọ̀ láti di igun. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà kí ènìyàn fi íǹṣì 16 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó sì fi 13 sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ nítorí pé aṣọ rẹ̀ kò gùn tó. Bí ó bá débi pé kí a rán igun pọ̀, etí kan yóò gùn ju èkejì lọ. Ẹni tí aṣọ bá ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ kí ó dín ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kù ní ìwọ̀n kan náà. Nínú íǹṣì 16 yẹn, ẹ yọ ìdajì íǹṣì tí ojú ìrán yóò jẹ, kí ẹ sì gé íǹṣì 15 àti ààbọ̀ kúrò ní ọ̀nà méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé sísọ́ọ̀sì. Ẹ ká igun aṣọ náà kí etí méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ lè wà lórí ara wọn, ẹ wọn íǹṣì 16 láti ṣóńṣó igun lọ sí apá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ fa ìlà tó tọ́ láti ibẹ̀ lọ bá ibi tí aṣọ ti ká, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ kàn án gátagàta lórí ìlà náà. Ẹ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e wọ fóòmù láìyí ojú rẹ̀ padà, kí ẹ sì wò ó. Òwú tí a fi ọwọ́ kàn ṣeé tú. Aṣọ tí a ti gé kò ṣeé so padà láìní àpá. Bí ó bá fún jù tàbí tí ó tú jù, ẹ sún ìlà náà díẹ̀. Kí aṣọ fún díẹ̀ lójú òkè sàn ju kí ó máa ká wọ́nwọ́n lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fún tó bẹ́ẹ̀ tí etí fóòmù yóò fi máa tẹ̀ sókè.

Ojú Ìwọ̀n dáhùn pé:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ lókè yìí. N óò fi ti aṣọ tí kò fẹ̀ kún un, nítorí ẹnu ìṣírò ni ọ̀rọ̀ náà wà pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe so aṣọ méjì pọ̀ láàárín. Ibi tí ara ń sùn lé gan-an ni ojú ìrán yóò ti bọ́ sí, yóò sì máa há ẹni lára lóòótọ́. Ẹ fi odindi fífẹ̀ aṣọ kan sí àárín, kí ẹ sì la èkejì sí méjì ní òró rẹ̀, kí apá kan lọ sí ọ̀tún, kí èkejì lọ sí òsì. Ká sọ pé lẹ́yìn fífọ̀, aṣọ yín fẹ̀ ní íǹṣì 44. Bí ojú ìrán bá jẹ ìdajì íǹṣì lọ́tùn-ún àti lósì, ti àárín yóò ku 43. 86 tí ẹ ń wá, ẹ yọ 43 kúrò, ó ku 43. Ìdajì rẹ̀ ni 21 àti ààbọ̀, ẹ fi ìdajì íǹṣì ti ojú ìrán kún un, ó di 22 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. 22 lọ́nà méjì sì ni 44, ìyẹn ni pé aṣọ kejì tó gẹ́lẹ́ láìṣẹ́kù. Ojú ìrán yóò bọ́ sí nǹkan bí íǹṣì 5 àti ààbọ̀ sí etí fóòmù, níbi tí apá tàbí ẹsẹ̀ kì í sábà dé. Bí aṣọ yín bá sún kọjá 44 nígbà tí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dín ohun tó ń wọ abẹ́ kù láti 5 sí 4, ó máa tó bí ó tilẹ̀ di 43.

Ẹni tó bá rí aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 60 ti jàjàyè, nítorí ojú ìrán yóò ré etí òkè fóòmù kọjá sí ẹ̀gbẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò rí i tàbí mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó fẹ̀ ní 90 kò tilẹ̀ ní í nílò síso.

Ní ti ọ̀pá, gígùn méjì ti íǹṣì 107 jẹ́ 214, ọ̀pá 6 sì jẹ́ 216. Ó jọ pé ó tó, ṣùgbọ́n kò tó. Aṣọ òwú tí a kò tíì fọ̀ lè sún ní ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 3 nínú 216 sì ti ju íǹṣì 6 lọ. Ẹ ra ọ̀pá 6 àti ààbọ̀. Bí omi gbígbóná lẹ óò máa fi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọ̀la, omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì sá a tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́ bí ẹ óò ṣe máa ṣe é. Aṣọ tí a fi òwú àti pọlíẹ́sítà pò pọ̀ hun kì í sún tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í rún púpọ̀, àmọ́ ó máa ń mú ooru ju òwú pọ́ńbélé lọ. Èmi kì í lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pín in sí méjì, ẹ là á díẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kí ẹ sì fi ọwọ́ ya ìyókù. Aṣọ òwú tí a hun lásán máa ń ya tẹ̀lé okùn ara rẹ̀, nítorí náà yóò tọ́ ju bí ojú yín ṣe lè gé e lọ, kò sì ní í máa lọ́ lórí fóòmù lẹ́yìn fífọ̀.

Ẹlẹ́rọ Ẹlẹ́sẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ má ṣe bínú sí ẹ̀rọ yín. Ìrán kọ́lọkọ̀lọ wúlò fún ẹni tó fẹ́ na rọ́bà kí ó sì rán an mọ́ etí aṣọ tààrà. Ìlà gbọọrọ yóò já bí rọ́bà bá ń nà. Ẹni tó bá ṣe ihò fún rọ́bà kò nílò rẹ̀ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ parí igun. Kí etí wọn má baà tú, ẹ gbé ẹ̀yìn aṣọ kọ ẹ̀yìn, ẹ rán an ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, ẹ gé etí tó ṣẹ́ kù dín díẹ̀, ẹ wá yí i padà kí ojú kọ ojú, kí ẹ sì tún un rán ní ìwọ̀n kan náà. Etí aṣọ yóò bọ́ sínú, kò sí bí yóò ṣe tú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ gbogbo etí ìsàlẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ẹ tún ṣẹ́ ẹ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ sì rán an yí ká. Ẹ fi nǹkan bí íǹṣì 2 sílẹ̀ láìrán, níbi tí kò sún mọ́ igun, nítorí igun nípọn, pínnì kì í sì í fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 80 tó fún aṣọ òwú tí kò nípọn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí 90 bí aṣọ bá wúwo.

Rọ́bà tí ẹ óò lò kí ó fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì tàbí kí ó dín díẹ̀. Èyí tí a dì bí irun ni ó dára fún inú ihò, nítorí ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ó bá nà, ó sì ń tètè dẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá gún un lára, nínú ihò sì rèé, abẹ́rẹ́ kì í kàn án àfi ní ìdí rẹ̀. Àyíká etí aṣọ yín jẹ́ íǹṣì 258. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 194, ni kí ẹ gé. Ẹ fi pínnì fà á gba inú ihò, ẹ rán orí méjèèjì lé ara wọn, ẹ fa aṣọ yí ká kí ó lè pín dọ́gba, kí ẹ wá fi ìrán kan dá rọ́bà náà dúró ní ojú igun kọ̀ọ̀kan kí ó má ṣe máa yí nínú ihò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ dí àyè tó kù. Bí rọ́bà bá dẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ tú àyè yẹn àti ìrán igun, ẹ so tuntun mọ́ ti àtijọ́, kí ẹ sì fà á kọjá. Ooru púpọ̀ àti ògùn tí ń sọ aṣọ di funfun ló ń tètè pa rọ́bà.

Àgbà Aránṣọ tún dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ yí gbogbo etí ká yìí, èmi kò rí i bí ọ̀ranyàn. Bí íǹṣì 5 bá wọ abẹ́ lóòótọ́, rọ́bà igun tó. Ẹ lè fi rọ́bà oníṣì 12 sínú ihò íǹṣì 20 ní igun kọ̀ọ̀kan, 10 lápá ọ̀tún ojú ìrán àti 10 lápá òsì, kí ẹ sì rán orí rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìlà gbọọrọ yín. Aṣọ náà yóò rọrùn láti lọ̀ àti láti ká. Èyí tó yí ká ni mo fara mọ́ fún fóòmù tó ga gan-an tàbí ti ọmọdé tí kì í sùn jẹ́ẹ́.

Abẹ́rẹ́ Tuntun tún béèrè pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ẹyọ kan: mo ní in lọ́kàn láti fi fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníṣì 2 lé orí èyí tó wà nílẹ̀ láìpẹ́. Ṣé kí n tún gbogbo ìṣírò náà ṣe?

Ojú Ìwọ̀n tún dáhùn pé:

Gíga yóò di 12. Bí ẹ bá fẹ́ kí íǹṣì 5 ṣì wọ abẹ́, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò di 18, aṣọ yóò sì di 111 sí 90. Aṣọ méjì tó fẹ̀ ní 44 kò lè fún yín ní ju 86 lọ, nítorí náà ẹ óò nílò aṣọ tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 12 pẹ̀lú 3 pẹ̀lú 1 jẹ́ 16, ìyẹn ni pé ẹ lè gé aṣọ náà gẹ́gẹ́ bí a ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí íǹṣì 3 péré máa wọ abẹ́. 3 kéré díẹ̀ fún rọ́bà igun nìkan. Nínú ọ̀ràn tiyín, mo gbè sẹ́yìn Ẹlẹ́rọ Ẹlẹ́sẹ̀: ẹ fi rọ́bà yí i ká.