Adíbọn-lọ́wọ́ kọ́, ayìnbọn-lásìkò ni

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú làálàá. Mo ti rí àbá orúkọ Yorùbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ mú wá fún ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ìbọn arọ̀jò-ọta yìn gba àárín abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú kọjá láì gé abẹ̀bẹ̀ náà, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní: adíbọn-lọ́wọ́, ayẹta, àti amúbọn-bábẹ̀bẹ̀-rìn. Èkíní ló ní alátìlẹyìn jù. Òun gan-an ni mi ò fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Abẹ̀bẹ̀ alápá méjì tó ń yí nígbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, apá rẹ̀ yóò gba iwájú ẹnu ìbọn kọjá nígbà 2,400. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbọn ńkọ́? Nǹkan bí ọta 10 ni ti ìgbà yẹn ń tú jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a kì í dí i lọ́wọ́ lógójì ìgbà. Ẹ̀rọ Fokker, èyí tí àwọn Jámánì lò, kì í dá ìbọn dúró rárá. Ó ń pè é ni.

Bó ṣe ń pè é nìyí. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan wà lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, ó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, ó sì ní iké létí. Tí iké yẹn bá dé ìdí ọ̀pá irin tó lọ síbi ìbọn, á tì í, ọ̀pá á sì mú kí ìbọn yìn lẹ́ẹ̀kan. A ti to iké náà síbi tó jẹ́ pé ìgbà tí apá abẹ̀bẹ̀ bá ti kọjá tán ni ọta yóò dé. Bọ́tìnì tí awakọ̀ ń tẹ̀ kò ju pé ó so ọ̀pá mọ́ iké lọ. Àṣẹ lásán ni awakọ̀ fún un. Ẹ́ńjìnnì ló yìnbọn.

Ibo wá ni adíbọn-lọ́wọ́ ti wá? Ó ní ìdí. Onímọ̀-ẹ̀rọ kan, Franz Schneider, gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ (patent) lórí ẹ̀rọ kan ní Jámánì ní 1913, tirẹ̀ sì ń dí ìbọn lọ́wọ́ lóòótọ́ nígbà tí apá abẹ̀bẹ̀ bá wà níwájú. Àwọn Òyìnbó pàápàá ń da orúkọ ẹ̀rọ tó ń dí ìbọn lọ́wọ́ àti ti èyí tó ń pè é pọ̀ títí dòní. Kò yẹ ká jogún àṣìṣe wọn. Ẹ fi adíbọn-lọ́wọ́ sílẹ̀ fún ti Schneider nìkan.

Ayẹta dùn létí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń sọ. Irin onígun tí Roland Garros, awakọ̀ òfuurufú ará Faransé, dè mọ́ apá abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ Morane-Saulnier rẹ̀ ló mú kí wọ́n dábàá rẹ̀, irin tó fi já ọkọ̀ Jámánì mẹ́ta bọ́ ní oṣù kẹrin 1915 kí òun náà tó balẹ̀ sọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ 18 oṣù náà. Ọdẹ tó wọ ayẹta, ọta kì í bà á. Irin Garros, ọta ń bà á gan-an, ó kàn ń ta á nù ni. Tí ẹ bá fẹ́ orúkọ oògùn dandan, òkígbẹ́ ló sún mọ́ ọn: ó bà á, kò wọlé. Àbùkù irin yẹn náà kò sì kéré. Gbogbo ọta tó bá kọlù ú ń mi abẹ̀bẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ọta Jámánì tí a fi irin bò lára sì ń fọ́ ọ.

Àbá mi: ayìnbọn-lásìkò. Ẹnìkan ti sọ pé ènìyàn ló ń jẹ́ ayìnbọn. Ẹni náà ló kọ "arọ̀jò-ọta" nígbà mẹ́rin nínú lẹ́tà rẹ̀, ìbọn kì í sì í ṣe ènìyàn. Sẹ́ la ti yọ asẹ́, irinṣẹ́ sì ni, kì í ṣe ènìyàn. "Lásìkò" ni mo kà sí pàtàkì jù, torí àsìkò ni gbogbo wàhálà ẹ̀rọ yìí. Tí ètù ọta kan bá pẹ́ ní ìdá kan péré nínú ìdá 100 ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó gbaná, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nígbà 1,200 yẹn á ti fi ìwọ̀n 72 nínú 360 yí kọjá ibi tí a retí. Igi ni abẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣa ọta fún ìbọn wọ̀nyí. Nígbà tí Max Immelmann, awakọ̀ ogun Jámánì, kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1916, àwọn Jámánì ní ìbọn rẹ̀ ló gé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀; àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ló já a bọ́.

Ìbọn arọ̀jò-ọta tó ń jẹ́ Lewis kò bá ẹ̀rọ yìí mu, ẹ má kọ ọ́ mọ́ ọn. Tí a bá fà á, irin inú rẹ̀ á kọ́kọ́ sáré láti ẹ̀yìn, á gbé ọta wọlé, kó tó dún. Ìdúró yẹn kì í dọ́gba. Ní ti ìbọn arọ̀jò-ọta Vickers àti ti Maxim, ọta ti jókòó sínú ihò ṣáájú.

Ṣé orúkọ yìí gba ẹ̀rọ tí Constantinesco ará Romania ṣe fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n lò láti 1917? Ó gbà á. Kò ní ọ̀pá gígùn tó ń jẹ tàbí tó ń tẹ̀. Òróró inú páìpù ló ń gbé ìlù ẹ́ńjìnnì lọ síbi ìbọn. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ páìpù, ìlù náà á rọ, awakọ̀ sì ní láti fa ìdìmú ẹ̀rọ náà kí agbára òróró tó gòkè. Iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀nà ló yàtọ̀. Amúbọn-bábẹ̀bẹ̀-rìn tọ̀nà ní ìtumọ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ ẹ̀rọ yìí kúrò lábẹ́ àwòrán DH.2, ọkọ̀ òfuurufú ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nínú àkójọ wa. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà, ìbọn Lewis ló sì wà níwájú rẹ̀. Kò sí ohun tó dí i.